Ẹni Tí Kò Lè Bẹ Ọ̀wẹ̀

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni a fi ń mọ ẹni tí ó ní ènìyàn. Ní ìhà gúúsù Èkìtì, láti Ìkẹ́rẹ́ títí dé Ìsẹ̀ àti Èmùré, bí òjò bá ti dáwọ́ dúró, àwọn odò kéékèèké a máa fà, omi kànga a máa lọ sílẹ̀, ọyẹ́ a sì gbẹ koríko títí yóò fi dàbí ẹ̀tù. Àkókò yìí kan náà ni àwọn ọmọ ilé-ìwé ń gba ìsinmi Kérésìmesì, tí àwọn ará wa tí ń bẹ ní Èkó àti ní òkè òkun sì ń padà wálé. Àìní pọ̀, ọwọ́ tí ó lè ṣe ìrànlọ́wọ́ sì pọ̀ pẹ̀lú. Nítorí náà a fẹ́ kí àwọn òǹkàwé wa bá wa gbé ìbéèrè yìí yẹ̀wò: ta ni ìrànlọ́wọ́ tọ́ sí jù lọ?

Àwọn bàbá wa kò fi ọ̀ràn yìí ṣeré. Wọ́n ní àáró, wọ́n sì ní ọ̀wẹ̀, èyí tí Ọ̀mọ̀wé N. A. Fadipe kọ nípa wọn nínú ìwé tí ó fi gba oyè ní Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù ní 1939, tí a sì tẹ̀ jáde ní 1970. Nínú àáró, àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin díẹ̀ a ṣe oko ẹnìkan lónìí, wọn a ṣe ti ẹnìkejì lọ́la, títí yóò fi kárí. Iye ọjọ́ tí a bá fi ṣiṣẹ́ fún ọ ni ìwọ náà yóò san padà. Ọ̀wẹ̀ tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tí ó fẹ́ kọ́ ilé, tàbí tí iṣẹ́ oko àna rẹ̀ wọ̀ ọ́ lọ́rùn, a ránṣẹ́ sí ẹbí, ọ̀rẹ́ àti ẹgbẹ́. Wọn kì í gba owó, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bẹ̀ wọ́n ní láti sè kí wọ́n jẹ, kí wọ́n sì mu.

Ètò yìí dára. Bí ọwọ́ ọ̀tún bá wẹ òsì, tí òsì wẹ ọ̀tún, ọwọ́ a mọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ní ọwọ́ kan ńkọ́? Ẹni tí kò ní agbára kò lè wọ ẹgbẹ́ àáró, nítorí kò ní ohun tí yóò fi san. Ẹni tí kò ní iṣu nílé kò lè bẹ ọ̀wẹ̀, nítorí kò ní ohun tí yóò sè. Opó arúgbó tí àwọn ọmọ rẹ̀ wà ní ìdálẹ̀, aláìsàn tí kò lè jáde, àlejò tí kò tíì mọ ẹnìkan ní àdúgbò: àwọn wọ̀nyí ni àìní wọn pọ̀ jù, àwọn náà ni kò sì lè pe ẹnikẹ́ni. Bí a bá dúró kí a tó pè wá, àwọn tí ó lè san padà nìkan ni a óò máa ràn lọ́wọ́ títí ayé.

Ọkùnrin tí ó gbọgbẹ́ lójú ọ̀nà Jẹ́ríkò kò bẹ ọ̀wẹ̀. Ohun tí ojú ará Samáríà nì rí ni ó pè é.

Àwọn kan yóò wí pé irú ìrànlọ́wọ́ bẹ́ẹ̀ a máa sọ ènìyàn di ọ̀lẹ. Bí ó bá ṣe ti géńdé tí ó káwọ́ gbera ni, àwa náà gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n opó yìí kò ya ọ̀lẹ. Ọjọ́ orí ni ó dé sí i. Àtakò kejì le ju ti ìṣáájú lọ: a lè gba iyì lọ́wọ́ ènìyàn níbi tí a ti ń fún un ní omi. Òtítọ́ ni. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí a ṣe é bí ọmọ ilé, kì í ṣe bí olóore. Ọmọ tí ó kí ìyá àgbà láàárọ̀, tí ó sì gbé korobá rẹ̀ lọ sí kànga, ohun tí ọmọ ń ṣe ni ó ṣe. Kí a má pe èrò jọ wò ó, kí a má ya fọ́tò rẹ̀, kí a má sì fi ṣe ìrégún lọ́la. Bí ìyá àgbà bá sì bu ẹ̀pà díẹ̀ fún wa, tàbí tí ó súre, kí a gbà á pẹ̀lú ọ̀wọ̀, nítorí èyí ni oúnjẹ ọ̀wẹ̀ tí agbára rẹ̀ ká.

Ní 1973, ọdún 3 lẹ́yìn ogun abẹ́lé, ìjọba àpapọ̀ dá ètò àwọn agùnbánirọ̀ sílẹ̀. Ibùdó tí a ti ń gbà wọ́n ní Ìpínlẹ̀ Èkìtì sì wà ní agbègbè Ìsẹ̀ àti Èmùré níhìn-ín. Àwọn ọ̀dọ́ tí kò mọ ẹnìkan láàárín wa ń ti ọ̀nà jíjìn wá, nítorí òfin ni ó rán wọn. Bí òfin bá lè rán àlejò wá sìn wá fún ọdún kan, kí ni yóò rán ọmọ onílé?

Owó tí àwọn ọmọ ń fi ránṣẹ́ láti ìdálẹ̀ dára, ṣùgbọ́n owó kì í fa omi láti inú kànga, bẹ́ẹ̀ ni kì í mọ̀ bí ìyá kò bá ṣí ìlẹ̀kùn láàárọ̀. Kí ẹni méjì tàbí mẹ́ta ní àdúgbò kọ̀ọ̀kan mọ ilé tí arúgbó ń dá gbé. Kí àwọn olùkọ́ pín ilé wọ̀nyí fún àwọn ọmọ tí ń bẹ nínú ìsinmi. Kí àwọn géńdé ro etí oko kòkó aláìsàn yíká kí a tó bẹ̀rẹ̀ sí í sun igbẹ́, nítorí kòkó tí a fi ọdún 3 sí 5 tọ́jú kí ó tó so, iná ọ̀sán kan lè jó o run.

Ẹ̀yin ará, kí àáró má ṣe kú, kí ọ̀wẹ̀ má sì ṣe parun láàárín wa. Ṣùgbọ́n kí ẹ̀ẹ̀rùn yìí tó kọjá, kí olúkúlùkù wa wá ilé kan tí a kò ti pè é, kí ó sì lọ síbẹ̀.