Ìgbà Méje ní Odò Jọ́dánì: Ìwàásù lórí Àrùn Ẹ̀jẹ̀ Ríru

Ibi kíkà: Ìwé Àwọn Ọba Kejì, orí 5, ẹsẹ 1 títí dé 14.

Ọ̀rọ̀ tí a mú tọ̀ yín wá ní oṣù yìí kan ara, ó sì kan ẹ̀mí pẹ̀lú. A bẹ̀ yín kí ẹ kà á dé òpin, nítorí ìjẹ́wọ́ kan wà nínú rẹ̀, àwa tìkára wa ni ìjẹ́wọ́ náà sì kàn.

Ìtàn Náámánì kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni nínú wa. Balógun ọba Síríà ni. Ọba ń gbé e gẹ̀gẹ̀, àwọn ọmọ-ogun ń wárìrì níwájú rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀tẹ̀ ń bẹ lára rẹ̀ lábẹ́ aṣọ oyè. Nígbà tí ó fi ẹṣin àti kẹ̀kẹ́-ogun dé ẹnu ọ̀nà Èlíṣà, wòlíì náà kò tilẹ̀ jáde sí i. Ìránṣẹ́ ni ó rán, pé kí balógun lọ wẹ̀ nígbà méje ní Jọ́dánì. Inú bí Náámánì gidigidi. Ohun ńlá ni ó ti ń retí. Pé kí ènìyàn kàn wẹ̀, kí ó sì tún un wẹ̀, kò jọ ìwòsàn lójú rẹ̀. Bí kò bá ṣe ti àwọn ìránṣẹ́ rẹ̀ tí wọ́n fi ọgbọ́n bá a sọ̀rọ̀, ìbá gbé ẹ̀tẹ̀ rẹ̀ padà sí ilé.

Àwa tí a ń sin Olúwa ní Command, lọ́nà Ìpájà ní ilẹ̀ Alímọ̀ṣọ́, a mọ ohun tí àṣẹ ológun jẹ́, nítorí ilé-ìwé àwọn ọmọ-ogun tí ó wà níbẹ̀ ni ó sọ àdúgbò wa ní orúkọ yìí. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun ìyanu: ẹni tí ń pàṣẹ fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ni àṣẹ kékeré kan fẹ́rẹ̀ẹ́ borí. Àrùn kan wà láàárín wa lónìí tí ohun tí ó ń béèrè lọ́wọ́ wa kéré bẹ́ẹ̀, tí a sì ń kú nítorí pé a kẹ́gàn ohun kékeré náà. Àrùn náà ni ẹ̀jẹ̀ ríru.

Orúkọ yìí ti tan ọ̀pọ̀lọpọ̀ jẹ. Nítorí pé a ń pè é ní ríru, àwọn kan rò pé ìgbà tí inú bá bí ènìyàn nìkan ni ẹ̀jẹ̀ ń ru, àti pé bí ó bá ń ru, ẹni náà yóò mọ̀ ọ́n lára. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọkàn a máa ti ẹ̀jẹ̀ sínú iṣan káàkiri ara, bí ẹ̀rọ ti ń ti omi gba inú páìpù dé ilé wa. Agbára tí ẹ̀jẹ̀ náà fi ń ti ara iṣan ni a ń wọ̀n. Nọ́ńbà méjì ni a máa ń kọ: èyí tí ó wà lókè ni agbára náà nígbà tí ọkàn bá fún ara rẹ̀ pọ̀ láti ti ẹ̀jẹ̀ jáde, èyí tí ó wà nísàlẹ̀ ni agbára náà nígbà tí ọkàn bá sinmi díẹ̀ kí ó tó tún ti òmíràn. Bí ó bá wà ní ìwọ̀n 120/80, a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n bí a bá wọ̀n ọ́n ní ọjọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, tí ti òkè ń tó 140, tàbí tí ti ìsàlẹ̀ ń tó 90, ẹ̀jẹ̀ ríru ni.

Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹni tí ó ní i kì í mọ nǹkan kan lára. Orí lè má fọ́ ọ, òòyì lè má kọ́ ọ. Ó ń jí ní aago mẹ́rin òwúrọ̀, ó ń wọ ọkọ̀ ní Ìyànà Ìpájà, ó ń padà dé lóru, ó sì ń kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin ní ọjọ́ ìsinmi. Ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Iṣan ń le, ọkàn ń wú, kíndìnrín ń bàjẹ́, ojú ń ṣú, títí di ọjọ́ kan tí iṣan inú ọpọlọ yóò dí tàbí tí yóò bẹ́, tí ẹnu yóò wọ́, tí apá àti ẹsẹ̀ ìhà kan yóò sì kú. Nígbà náà ni àwọn ará ilé yóò máa béèrè ẹni tí ó ta á ní ọfà. Kò sí ẹni tí ó ta ọfà. Àìtètè mólè ni olè fi ń mú olóko.

Àwọn onímọ̀ tiwa ti kíyèsí ọ̀rọ̀ yìí tipẹ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n Oládípọ̀ Akínkùgbé, ọmọ Oǹdó, tí a bí ní 1933 tí ó sì kú ní 2020, fi ọ̀pọ̀ ọdún ayé rẹ̀ ṣe ìwádìí àrùn yìí ní Ìbàdàn. Ìgbìmọ̀ tí ó ṣe alága rẹ̀ wọn ẹ̀jẹ̀ àwọn ènìyàn káàkiri Nàìjíríà, ìròyìn wọn sì jáde ní 1997: nínú 100 àgbàlagbà, bí 11 ni ó ní i. Bẹ́ẹ̀ ni 160/95 ni ààlà tí wọ́n lò nígbà náà, èyí tí ó ga ju ààlà òní lọ. Àjọ Ìlera Àgbáyé sì kéde ní 2023 pé nínú àwọn àgbàlagbà tí ó ní àrùn yìí ní gbogbo ayé, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì tí kò mọ̀ pé àwọn ní i, àti pé nínú 5, nǹkan bí ẹnì kan péré ni tirẹ̀ wà ní ìkáwọ́.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ipò tàbí owó lè dáàbò bò ó. Franklin Roosevelt, Ààrẹ Amẹ́ríkà, ni olórí ogun orílẹ̀-èdè rẹ̀ nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. A lè pè é ní Náámánì ìgbà tirẹ̀. Ní oṣù kẹta 1944, dókítà ọkàn tí ó yẹ̀ ẹ́ wò rí 186/108. Ní ọjọ́ 12 oṣù kẹrin 1945, bí ó ti jókòó kí wọ́n lè ya àwòrán rẹ̀, ó ní orí ń fọ́ òun gidigidi, ó sì dákú. 300/190 ni dókítà rí. Ọjọ́ náà kò ṣú bá a láyé. Ẹni ọdún 63 ni. Gbogbo agbára Amẹ́ríkà kò lè rí oògùn tí ó péye rà fún un, nítorí pé oògùn náà kò tí ì sí. Ní 1958 ni oògùn oníhóró kan, tí ń mú kí a tọ iyọ̀ àti omi tí ó pọ̀ jù jáde, dé ọwọ́ àwọn dókítà. Irú rẹ̀ ṣì wà di òní, òmíràn sì ti tẹ̀lé e. Ohun tí Ààrẹ kò rí rà, dókítà ń kọ ọ́ fún ìyá aláta ní ọjà Ìkọ̀tún.

Nísinsìnyí a ó jẹ́wọ́. Ìyá àgbà kan wà nínú ìjọ wa tí wọ́n ti kọ irú oògùn bẹ́ẹ̀ fún, ó sì ń lò ó. Ní òru àìsùn kan a gbàdúrà fún un, ara rẹ̀ yá gágá, ó sì dá oògùn náà dúró. Ní ọjọ́ ìsinmi tí ó tẹ̀lé e, ó jẹ́rìí pé òun ti bọ́ lọ́wọ́ oògùn. Gbogbo ìjọ hó yèè. Àwa tí a jẹ́ katikíìsì ni a sì dá orin. A kò bi í bóyá ó ti padà lọ wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ohun ńlá ni a fẹ́, gẹ́gẹ́ bí Náámánì. Oṣù mẹ́rin kò tí ì pé tí apá òsì rẹ̀ fi kú. Nígbà tí a lọ kí i lórí ibùsùn, ọ̀rọ̀ wúwo lẹ́nu rẹ̀, ṣùgbọ́n a gbọ́ ohun tí ó wí: “Katikíìsì, ẹ̀yin náà ńkọ́? Ṣé ẹ ti wọn tiyín?” A kò wọ̀n ọ́n rí. A lọ ní ọ̀sẹ̀ náà. 158/96 ni wọ́n kọ sínú ìwé wa, nígbà kejì àti ìgbà kẹta kò sì sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Láti ìgbà náà ni àwa pẹ̀lú ti ń lo oògùn ní òròòwúrọ̀. Ẹnu wa tí ó yẹ kí ó kìlọ̀ fún ìyá ni ó dá orin, a kò sì lè gbàgbé rẹ̀.

Ǹjẹ́ àìgbàgbọ́ ha ni oògùn lílò bí? Kí a má rí i! Hesekáyà gbàdúrà, Ọlọ́run sì gbọ́. Síbẹ̀ Àìsáyà ní kí wọ́n fi èso ọ̀pọ̀tọ́ lé oówo rẹ̀. Oníṣègùn ni Lúùkù. Pọ́ọ̀lù, tí ọ̀pọ̀ aláìsàn rí ìwòsàn nípasẹ̀ rẹ̀, gba Tímótì nímọ̀ràn ohun tí yóò lò nítorí inú rẹ̀. Ẹ sì kíyèsí i pé ìgbà méje ni a rán Náámánì. A kò kà níbìkan pé ara rẹ̀ ti ń dán ní ìgbà kẹta tàbí ìgbà kẹrin. Bí ó bá ti jáde nínú odò lẹ́yìn ìgbà kẹfà, kò tí ì ṣe ohun tí a rán an. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ẹ̀jẹ̀ ríru: kì í sábà lọ pátápátá, a ń kó o níjàánu ni. Nígbà tí nọ́ńbà bá dára, kì í ṣe àmì pé kí a dá oògùn dúró. Àmì pé oògùn ń ṣiṣẹ́ ni.

Nítorí náà ẹ jẹ́ kí a sọ̀kalẹ̀ lọ sí Jọ́dánì tiwa.

Ìgbà kìíní, kí a wọn ẹ̀jẹ̀ wa. Àwọn baba wa a máa de ìfúnpá mọ́ apá fún ààbò. Aṣọ tí nọ́ọ̀sì ń dì mọ́ apá wa kì í ṣe ààbò, òtítọ́ ni ó ń sọ fún wa. Kí a jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú 5 ṣáájú, kí a fi ẹ̀yìn ti àga, kí a má sì sọ̀rọ̀. Ilé ìwòsàn ńlá ti Ìjọba wà ní Ìgàndò fún gbogbo Alímọ̀ṣọ́.

Ìgbà kejì, kí a dín iyọ̀ kù. Iyọ̀ wà nínú ohun tí a fi ń sọ ọmọ lórúkọ, Olúwa wa sì fi àwọn ọmọ-ẹ̀yìn rẹ̀ wé e. Ṣùgbọ́n ìwọ̀nba rẹ̀ ni ó ń dùn. Kí ó má tó gíráàmù 5 lójúmọ́, tí í ṣe nǹkan bí ṣíbí tíì kan, kí a sì ka èyí tí ó fara pamọ́ sínú mágí, búrẹ́dì àti Indomie mọ́ ọn.

Ìgbà kẹta, kí a fi ẹ̀fọ́, èso àti ẹ̀wà kún oúnjẹ, kí a dín òróró àti àsanjù kù. Ìgbà kẹrin, kí a máa rìn. Ìṣẹ́jú 150 láàárín ọ̀sẹ̀ kan kò pọ̀ jù fún ẹni tí ó lè fi ẹsẹ̀ rìn wá sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ìgbà karùn-ún, kí a jáwọ́ nínú tábà, kí a sì ṣọ́ra fún ọtí. Ìgbà kẹfà, kí a sùn. Nígbà tí àárẹ̀ mú Èlíjà, oorun àti oúnjẹ ni Ọlọ́run kọ́kọ́ fún un. Àwa ará Èkó sì ti fi oorun wa tọrẹ fún sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ọkọ̀.

Ìgbà keje, kí ẹni tí a kọ oògùn fún lò ó lójoojúmọ́, gẹ́gẹ́ bí a ti kọ ọ́. Kí ó má yá ti aládùúgbò lò. Kí ó béèrè lọ́wọ́ dókítà kí ó tó gbààwẹ̀, kí ó tó mu àgbo, àti kí ó tó máa lo oògùn ara ríro léraléra, nítorí pé òmíràn nínú wọn a máa gbé ẹ̀jẹ̀ sókè. Kí àwọn aboyún pàápàá má fi ìwọ̀n ṣeré. Bí ẹnu ẹnìkan bá sì ṣàdédé wọ́, tí apá rẹ̀ kò gbé sókè, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ dàrú, kí a sáré gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ní wákàtí náà. Kí àdúrà máa bá a lọ nínú ọkọ̀.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ má gbàgbé pé ọmọdébìnrin ẹrú kan ni ó kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ ìwòsàn ní ilé Náámánì. Ẹ kọ́ àwọn ọmọ kí wọ́n lè béèrè nílé pé, “Màmá, ṣé ẹ ti lo oògùn yín lónìí?” Ẹ̀yin alàgbà ìjọ, ẹ jẹ́ kí àwọn nọ́ọ̀sì àárín wa máa wọn ẹ̀jẹ̀ àwọn ará lẹ́yìn ìsìn. Bí ẹnikẹ́ni bá sì dìde láti jẹ́rìí pé òun ti dá oògùn dúró, kí a tó dá orin, kí a bi í ní ìbéèrè tí àwa kò bi ìyá wa. Ìyá náà ṣì ń wá sí ilé Ọlọ́run, ọwọ́ òsì rẹ̀ lórí itan. Ní gbogbo ìgbà tí a bá kí i lẹ́nu ọ̀nà, oògùn wa ni ó ń kọ́kọ́ béèrè.

Kí Ọlọ́run, tí ó dá ara yìí, fún wa ní ìrẹ̀lẹ̀ láti sọ̀kalẹ̀ sínú odò, àti sùúrù láti wẹ̀ títí dé ìgbà keje, nípasẹ̀ Jésù Kristi Olúwa wa. Àmín.