Ta Ni À Ń Tún Ilé Ṣe Fún?

Bíbélì Kíkà: Deuteronomi 22:8, Oniwasu 10:18, Marku 7:9-13

Bí o bá ń gbé ní Adó-Èkìtì, tàbí ní Ìyìn, Ìgèdè, Ìkẹ́rẹ́ tàbí Ìfàkì, o kò nílò kí ẹnikẹ́ni sọ fún ọ pé ìsìnkú ń bọ̀ nínú ilé kan. Ilé náà fúnra rẹ̀ yóò sọ. Kápẹ́ńtà yóò gun òrùlé, yóò máa ju páànù tó ti dógùn-ún sílẹ̀. Bíríkìlà yóò rẹ́ ibi tí ògiri ti lanu. Wọn yóò kun ọ̀dà tuntun sí iwájú ilé, wọn yóò da yẹ̀pẹ̀ sí ihò ẹnu ọ̀nà kí ọkọ̀ àlejò lè kọjá, wọn yóò sì tún ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ṣe. Láàrin ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ilé tó ti ń jò fún ọdún mẹ́wàá yóò di àwòyanu. Àwọn ọmọ ti dé láti Èkó, Àbújá àti Lọ́ńdọ̀nù. Owó ti jáde.

Ìyá tó ń gbé inú ilé náà ńkọ́? Ó wà ní mọ́ṣúárì. Fún ọdún mẹ́wàá yẹn, bí òjò bá ti ṣú, òun ló ń ká ẹní rẹ̀ kúrò ní igun kan lọ sí òmíràn, tó ń gbé abọ́ sí abẹ́ ibi tó ń jò. Kò sùn lábẹ́ páànù tuntun yìí fún alẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo.

Èmi kò bá ẹnikẹ́ni jà nítorí pé ó bọlá fún òbí rẹ̀ tó kú. Ó dára kí àlejò bá ilé tó mọ́. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò ní òwúrọ̀ yìí: nígbà tí a bá fi ilé sílẹ̀ láìtún un ṣe, tí a kò lu ẹnikẹ́ni, tí a kò ja ẹnikẹ́ni lólè, ǹjẹ́ a jẹ̀bi bí?

Ọ̀pọ̀ wa yóò dáhùn kíá pé rárá. Èmi kọ́ ni mo rán òjò. Èmi kọ́ ni mo rán ikán sínú igi òrùlé. Mo kàn ń dúró de ìgbà tí owó yóò wà ni.

Wo Deuteronomi 22:8. Ẹni tó kọ́ ilé tuntun ni Mose ń bá sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Òrùlé àwọn ará Ísírẹ́lì ìgbà náà tẹ́jú pẹrẹsẹ. Orí rẹ̀ ni wọ́n ti ń sá nǹkan, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń gba atẹ́gùn nírọ̀lẹ́, àlejò sì lè sùn síbẹ̀. Òfin ní kí onílé mọ odi kékeré yí etí òrùlé náà ká. Bí kò bá mọ ọ́n, tí ènìyàn sì ré bọ́ láti ibẹ̀, ẹ̀jẹ̀ wà lórí ilé náà nìyẹn. Kíyè sí i pé onílé kò ti ẹnikẹ́ni. Ó tilẹ̀ lè jẹ́ pé ó ń hanrun nínú yàrá nígbà tí àlejò rẹ̀ ṣubú. Síbẹ̀, odi tí kò mọ ni Ọlọ́run bi í léèrè.

Àwa kì í rìn lórí páànù, ṣùgbọ́n kànga wà nínú ọgbà wa. Láti Baṣírí dé Àjìlósùn, ọ̀pọ̀ ilé ló jẹ́ pé omi kànga ni wọ́n ń lò, nítorí pé kì í ṣe gbogbo ìgbà ni omi ẹ̀rọ ń yọ. Kí ni o fi bo kànga tìrẹ? Pákó tí ikán ti jẹ ìdajì rẹ̀ ni, àbí àjákù páànù tí ẹ fi òkúta tẹ̀ mọ́lẹ̀? Ọmọ aládùúgbò tó ń lé bọ́ọ̀lù kò ní mọ̀ pé oṣù tó ń bọ̀ ni o fẹ́ pe wẹ́dà láti wá ṣe ìdérí onírin. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìdérí ṣọ́kàwéè tó ti sán, àti wáyà iná tó wà níhòòhò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlẹ̀kùn balùwẹ̀, èyí tí gbogbo ará ilé ti mọ bí wọ́n ṣe ń yẹra fún. Àlejò kò mọ̀ ọ́n.

Ohun mìíràn tún wà tí àwa ará Adó gbọ́dọ̀ rò dáadáa, nítorí pé orí òkè àti àárín àpáta ni ìlú wa wà. Omi tó ṣàn kúrò ní àgbàlá ẹni tó wà lókè, ìpìlẹ̀ ẹni tó wà nísàlẹ̀ ló ń lọ bá. Bí gọ́tà rẹ bá ti dí, tí o kò kó o, ilé rẹ lè dúró gbọn-in fún ogún ọdún kí ti aládùúgbò rẹ máa rì díẹ̀díẹ̀. Ẹ jọ ń kí ara yín ní àràárọ̀, kò sì mọ ibi tí omi náà ti ń wá.

Báwo ni a ṣe dé ibi tí a wà yìí? Àwọn baba wa kò rí bẹ́ẹ̀. Ewé gbòdògì ni àwọn tó ń gbé inú igbó fi ń bo ilé, koríko sì ni àwọn ará ọ̀dàn ń lò. Wọ́n mọ̀ pé yóò jẹrà, nítorí náà àtúnṣe wà nínú kàlẹ́ńdà wọn. Wọn a bẹ ọ̀wẹ̀, ọ̀dọ́ àdúgbò a péjọ, a se oúnjẹ, ilé a sì di bíbò kí òjò tó dé. Ní Ọ̀yọ́, ọdún kan wà tí wọ́n ń pè ní Ọdún Bẹẹrẹ, nígbà tí wọ́n máa ń kó koríko bẹẹrẹ wá fún Aláàfin láti fi bo ààfin. Ọba pàápàá kò jẹ́ kí ó di ọjọ́ tí òrùlé bá ń jò.

Ìgbà tí páànù dé ni a rò pé a ti bọ́. Nígbà tí owó kòkó wà lóde ní àwọn ọdún 1950, ọ̀pọ̀ baba ní Èkìtì kọ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, wọ́n fi amọ̀ mọ ògiri, wọ́n fi símẹ́ńtì rẹ́ ẹ, wọ́n sì kan páànù lé e. Ilé náà wà síbẹ̀ títí di òní. Bí o bá dúró síbi gíga ní Adó, àwọ̀ pupa páànù tó dógùn-ún ni yóò kọ́kọ́ kí ọ. Nítorí pé páànù pẹ́ ju ewé lọ, a gbàgbé pé òun náà ní ọjọ́ tirẹ̀. Ẹni tó bá kọ́ nípa ilé kíkọ́ ní poli yóò sọ fún ọ pé omi ni olórí ọ̀tá ilé. Rọ́bà abẹ́ ìṣó kan ṣoṣo yóò gbó. Omi yóò máa kán wọlé níbẹ̀, a kò ní rí i nítorí àjà bò ó. Igi òrùlé yóò rọ̀, ikán yóò sì bá ohun jíjẹ tó rọ̀ náà. Omi yóò sọ̀ kalẹ̀ sínú ògiri amọ̀, símẹ́ńtì tí a fi rẹ́ ẹ kò sì ní jẹ́ kó tètè gbẹ. Yóò wú, yóò sì ṣí kúrò lára ògiri. Ìṣó kan àti rọ́bà rẹ̀ ló fa gbogbo rẹ̀. Oniwasu 10:18 ti sọ pé ọ̀lẹ ní ń jẹ́ kí igi ilé rọ, tí ọwọ́ tí a ká gbera sì ń jẹ́ kí ilé jò. Nínú ẹsẹ yẹn, kò sí ọ̀tá láti òde kankan.

Mo mọ ohun tí àwọn kan ń sọ nínú ọkàn wọn: ilé ẹbí ni, kì í ṣe tèmi nìkan. Òótọ́ ni. Baba kan kọ́ ilé, ó bí ọmọ mẹ́jọ, ọmọ-ọmọ ti pé ọgbọ̀n. Gbogbo wọn ló ní ẹ̀tọ́ sí yàrá, kò sí ẹni tó ní ẹ̀tọ́ sí ihò òrùlé. Èyí tó wà ní Èkó ń wo èyí tó wà nílé, èyí tó wà nílé ń wo èyí tó wà lókè òkun.

Má ṣe rò pé ìṣẹ́ nìkan ló ń fa èyí. Ní Surfside, ní ìpínlẹ̀ Florida ní Amẹ́ríkà, ilé alájà 12 kan wà létí òkun tí wọ́n kọ́ ní ọdún 1981, Champlain Towers South ni orúkọ rẹ̀. Olúkúlùkù ló ra yàrá tirẹ̀ níbẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ilé ẹbí tí olówó pọ̀ nínú rẹ̀. Ní ọdún 2018, ẹnjiníà kan kọ̀wé fún àwọn onílé pé kọnkéré ti ń bàjẹ́ gidigidi, àti pé omi kò rí ibi ṣàn lọ. Wọ́n ṣe ìpàdé, wọ́n jiyàn lórí owó, àwọn kan kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ nínú ìgbìmọ̀. Nígbà tí ó fi di ọdún 2021, owó àtúnṣe ti tó nǹkan bíi mílíọ̀nù 15 dọ́là. Ní òru ọjọ́ 24 oṣù Kẹfà ọdún náà, apá ńlá ilé náà wó, ènìyàn 98 sì kú. Àwọn olùwádìí rí i pé àbùkù ti wà nínú bí wọ́n ṣe ya ilé náà láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí náà kì í ṣe ìjiyàn wọn nìkan ló wó o. Ṣùgbọ́n ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọdún mẹ́ta tí ìwé náà fi wà lọ́wọ́ wọn. Nítòsí wa níbí, ní Ìta Fáàjì ní Erékùṣù Èkó, ilé tí ilé-ìwé wà lókè rẹ̀ wó ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹta ọdún 2019. Ènìyàn bí 20 kú, ọmọdé sì wà nínú wọn. Ìjọba sọ pé wọ́n ti fi àmì sí ilé náà tẹ́lẹ̀ pé kí a wó o.

Mo gbọ́dọ̀ sọ èyí kí ọkàn àwọn kan má baà gbọgbẹ́ láìnídìí: opó tí owó ìfẹ̀yìntì ọkọ rẹ̀ kò tíì jáde, tó sì ń gbé abọ́ sí abẹ́ òrùlé tó ń jò, kò dá ẹ̀ṣẹ̀ kankan. Ọlọ́run kì í béèrè ohun tí kò sí lọ́wọ́ ẹni. Ẹni tó gba owó ilé ọdún méjì lọ́wọ́ ayálégbé, tó sì sọ pé kí ayálégbé lọ fi owó ara rẹ̀ tún òrùlé ṣe, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ yàtọ̀. Tèmi àti tìrẹ tí a lè ra aṣọ ẹbí mẹ́ta láàrin oṣù mẹ́ta náà yàtọ̀.

Ibi tó wá le jù nìyí. Nínú Marku 7:9-13, Jésù bá àwọn kan wí tí wọ́n ń sọ fún bàbá àti ìyá wọn pé owó tí wọn ìbá fi ràn wọ́n lọ́wọ́ ti di Kọbani, èyíinì ni pé wọ́n ti yà á sọ́tọ̀ fún Ọlọ́run. Owó náà mọ́, tẹ́ńpìlì sì ni ó ń lọ. Síbẹ̀ Olúwa ní wọ́n fi sọ òfin Ọlọ́run di asán. Ará, bí o bá ti jẹ́jẹ̀ẹ́ àpò símẹ́ńtì 20 fún ilé ìjọsìn, tí òrùlé ìyá rẹ ní abúlé sì ń jò, kọ́kọ́ lọ bo òrùlé ìyá rẹ. Mo mọ̀ pé àwọn alága ìgbìmọ̀ ìkọ́lé kan kò ní fẹ́ràn mi fún gbólóhùn yìí, ṣùgbọ́n n kò lè ka ibẹ̀ kí n sì túmọ̀ rẹ̀ sí nǹkan mìíràn. Bákan náà, òróró tí a fi yan àtẹ́rígbà kò ní kí a má fi òróró sí ẹ̀wọ̀n ìlẹ̀kùn tó ń dún. Orin Dafidi 127 sọ pé asán ni iṣẹ́ àwọn tó ń kọ́ ilé bí Olúwa kò bá sí níbẹ̀. Kò sọ pé kí wọ́n kó irinṣẹ́ wọn relé.

Nígbà tí o bá parí àdúrà òwúrọ̀ yìí, pe ìyá rẹ lórí fóònù, tàbí ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ tó kù nínú ilé àtijọ́ yẹn. Bí o bá bi wọ́n bóyá ilé ń jò, wọn yóò ní kò sí ìyọnu, kí o má wulẹ̀ dà ara rẹ láàmú, pé tọ́jú àwọn ọmọ rẹ ná. Àwọn àgbà wa kì í fẹ́ ni ọmọ lára. Nítorí náà, má bi wọ́n bẹ́ẹ̀. Béèrè ibi tí wọ́n tẹ́ ẹní wọn sí ní ìgbà tí òjò rọ̀ kẹ́yìn.