Ọwọ́ Tó Wà Lórí Àwo, Ọwọ́ Tó Wà Nínú Àwo

Ẹni tí kò lu ìlù, tí kò fọn fèrè, tí kò sì kọrin, tó jẹ́ pé àwo orin tí ẹlòmíràn ti ṣe ló gbé sórí ẹ̀rọ, ǹjẹ́ a lè pè é ní olórin? Àwọn àgbà fẹ́ràn láti bi àwọn ọ̀dọ́ ní ìbéèrè yìí nígbà tí ọ̀rọ̀ hip hop bá délẹ̀. Kì í ṣe ìbéèrè ẹ̀gàn. Ẹni tó bá ń jẹ nínú làálàá ẹlòmíràn, a mọ orúkọ tí à ń pè é. Ṣùgbọ́n mo ṣàkíyèsí pé àwọn tó máa ń yára dáhùn pé “rárá” ni àwọn tó fi etí nìkan pàdé iṣẹ́ náà.

Níbi àríyá àwọn ọ̀dọ́ ní Bronx, ní New York, ni ó ti bẹ̀rẹ̀. Clive Campbell, ọmọ Jàmáíkà tí ayé mọ̀ sí Kool Herc, ló lu àwo níbi àríyá tí àbúrò rẹ̀ obìnrin ṣe ní ọjọ́ 11 oṣù kẹjọ ọdún 1973, èyí tí àwọn oníhip hop fi ń ka ọjọ́ orí orin wọn. Herc rí i pé ibi tí orin ti dákẹ́, tí ìlù nìkan ń dún, ni àwọn oníjó ń dúró dè. Ó wá gbé ẹ̀dà méjì àwo kan náà sórí ẹ̀rọ méjì: bí ìlù bá parí lórí èyí, yóò bẹ̀rẹ̀ lórí ìkejì. Grandmaster Flash fa àmì sára àwo kí ojú lè tètè rí ibi tí ìlù wà. Theodore, tó ṣì jẹ́ ọmọdé nígbà náà, fi hàn pé bí a bá ń ti àwo síwájú tí a ń fà á sẹ́yìn lábẹ́ abẹ́rẹ́, àwo náà ní ohùn tirẹ̀.

Ẹni tó gbọ́ ohùn yẹn lórí rédíò kò lè mọ ohun tó ń gbọ́. Ní 1984, níbi àjọ̀dún Grammy, Herbie Hancock lu “Rockit” lórí tẹlifíṣọ̀n, Grand Mixer D.ST sì dúró ti ẹ̀rọ rẹ̀ láàárín àwọn onílù àti onídùùrù. Púpọ̀ nínú àwọn ọ̀gá tó dìde lẹ́yìn náà jẹ́rìí pé ohun tí ojú wọn rí lọ́jọ́ náà ló sọ wọ́n di oníṣẹ́.

Kí ni wọ́n rí? Ọwọ́ kan wà lórí àwo. Ọwọ́ kejì wà lórí ọ̀pá kékeré kan tó ń ṣí ohùn tó sì ń pa á dé, bí ẹni ń ṣí ilẹ̀kùn tó sì ń tì í nígbà púpọ̀ kí ènìyàn tó ṣẹ́jú. Bí abẹ́rẹ́ bá fò, gbogbo agbo ni yóò gbọ́, kò sí ibi tí a lè fi í pamọ́ sí. Àwọn C2C, ọ̀dọ́kùnrin mẹ́rin láti Nantes, gba ipò kìíní ẹlẹ́gbẹ́ ní ìdíje àgbáyé DMC láti 2003 títí dé 2006, lẹ́ẹ̀mẹ́rin léra. Nínú irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹnì kan lè mú ìlù, èkejì a mú ohùn ìsàlẹ̀, ẹlòmíràn a mú fèrè, títí ègé àwo oríṣiríṣi yóò fi di orin tí ẹnikẹ́ni kò kọ rí. Àwo náà dà bí igi níwájú agbẹ́gilére: òun kọ́ ló gbin igi, ṣùgbọ́n ère tó jáde, òun ló gbẹ́ ẹ.

Ṣùgbọ́n igi kò ní orúkọ. Onílù ní.

Clyde Stubblefield ló lu ìlù inú “Funky Drummer” fún James Brown ní 1969. Ibi tí ìlù rẹ̀ ti dá dún níbẹ̀ kò pé ìdajì ìṣẹ́jú, síbẹ̀ ó wà lára àwọn ìlù tí àwọn oníhip hop tún lò jù lọ. Orúkọ rẹ̀ kò sí lára àwọn tó kọ orin náà, nítorí náà owó òǹkọ̀wé orin kò kàn án, títí ó fi kú ní 2017. Òfin ló ṣe é bẹ́ẹ̀, kì í ṣe DJ. Ṣùgbọ́n àwọn DJ náà ní ẹjọ́ tiwọn láti rò: Herc fúnra rẹ̀ a máa rẹ àwo sínú omi kí bébà àárín rẹ̀ lè ṣí kúrò, kí àwọn abánidíje má bàa mọ orin tó ń lò. Ó yé mi. Oníṣègùn wo ló ń to gbogbo ewé rẹ̀ sójú ọjà? Síbẹ̀, bébà tó ṣí yẹn ló gbé orúkọ àwọn olórin lọ.

Ẹnì kan lè sọ pé onílù tiwa náà ń lo ẹ̀kà ìlù tí kò dá, a kò sì pè é ní olè. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n kí ó tó wọnú eré gan-an, ó ti júbà Àyàn, ó ti júbà ẹni tó kọ́ ọ níṣẹ́. Ìbà yìí ni mo rò pé ó ya ajogún sọ́tọ̀ kúrò lára olè, kì í ṣe bóyá ohun tó wà lọ́wọ́ jẹ́ tuntun. Bí a bá fi òṣùwọ̀n yìí wọ̀n ọ́n, ọ̀gá tó ń yí àwo yege nínú iṣẹ́ ọwọ́, àmọ́ ó ṣì jẹ gbèsè orúkọ.

Níbi ìdíje lónìí, wọ́n a máa gbé àwòrán ọwọ́ oníṣẹ́ náà sókè gàdàgbà kí èrò ẹ̀yìn lè rí i. Àyè wà lẹ́bàá àwòrán náà fún ìlà kan tí yóò sọ ta ló lu ìlù tó ń dún lábẹ́ abẹ́rẹ́ yẹn, àti ọdún tó lù ú.