Ọjọ́ Orí ni Kí Á Kà ni, Tàbí Agbára?

Ọ̀rọ̀ orúnkún ni a fẹ́ bá ẹ̀yin ọ̀dọ́ àti ẹ̀yin òbí wa sọ. Orúnkún kì í ṣe ohun kékeré lára Mùsùlùmí. Òun ni à ń di mú ní rúkúù, òun náà ni à ń gbé kalẹ̀ kí iwájú orí tó kan ilẹ̀.

Iṣan líle kan wà nínú orúnkún tó so egungun itan mọ́ egungun ojúgun. Bí ènìyàn bá ṣubú lórí ọ̀kadà ní Àkúrẹ́, tàbí tí ó fẹsẹ̀ yí nídìí bọ́ọ̀lù ní Oǹdó, iṣan yìí lè já. Bí ó bá já tán, kò wọ́pọ̀ kí ó tún so dáadáa fúnra rẹ̀. Dókítà egungun a máa mú iṣan mìíràn, lára aláìsàn náà lọ́pọ̀ ìgbà, láti fi rọ́pò rẹ̀. Iṣẹ́ abẹ ni, ìtọ́jú ẹ̀yìn rẹ̀ sì lè gba oṣù 6 sí 9, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Bí ó bá wá jẹ́ bàbá ẹni ọgọ́ta ọdún ni iṣan rẹ̀ já ńkọ́? Ẹ ó gbọ́ tí àwọn ọmọ ń wí pé: "Bàbá ti dàgbà, kí ni wọ́n tún fẹ́ fi orúnkún ṣe?" Ṣé òdodo ni ọ̀rọ̀ yìí?

Nígbà kan, ọ̀pọ̀ dókítà kì í fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ yìí fún ẹni tó ti kọjá ogójì ọdún. Lónìí, a ti ṣe é fún àwọn tó lé ní àádọ́ta tí ara wọn le, ó sì yọrí sí rere. Àwọn onímọ̀ ní Amẹ́ríkà ní ohun márùn-ún tí wọ́n fi ń mọ ara tó ti di hẹ́gẹhẹ̀gẹ: àtọ̀gbẹ, ẹ̀jẹ̀ ríru tí à ń lo oògùn sí, àìsàn ẹ̀dọ̀fóró tó ti pẹ́, ọkàn tí kò lágbára mọ́, àti àìlè dá nǹkan ṣe fúnra ẹni. Bí wọ́n bá ṣe pọ̀ tó lára ènìyàn ni ewu ọgbẹ́ tó kẹ̀ tàbí ẹ̀jẹ̀ tó dì nínú ẹsẹ̀ ṣe ń pọ̀ sí i. Ẹ kíyè sí i pé iye ọdún kò sí nínú márààrún! A kò sọ pé ọdún kò já mọ́ nǹkan, nítorí òun ló sábà ń kó àìlera wá. Ṣùgbọ́n àgbẹ̀ ẹni ọgọ́ta ọdún lè lágbára ju ọ̀dọ́ tí àtọ̀gbẹ ti bá jà lọ.

Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) pàṣẹ pé kí á wá ìwòsàn, ó sì sọ pé kò sí àrùn tí kò ní oògùn àyàfi ogbó. Ìparí ọ̀rọ̀ yìí ni àwọn kan dì mú láti fi pa àgbà tì. Ṣùgbọ́n iṣan tó já kì í ṣe ogbó. Ìpalára ni, bí ó tilẹ̀ jẹ́ ara arúgbó ló wà.

Àṣìṣe kejì ni kí á fi ìfẹ́ ti ẹni tí ara rẹ̀ kò gbà á sábẹ́ ọ̀bẹ. Ọ̀pọ̀ ló ń fi eré ìdárayá orúnkún gbé ayé wọn láìsí iṣẹ́ abẹ. Ẹni tí kò lè dìde, ẹ̀sìn yọ̀ǹda kí ó jókòó kírun. Àga nínú mọ́ṣáláṣí kì í ṣe ìtìjú.

Nítorí náà, bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ni í mu. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ mú wọn lọ sọ́dọ̀ dókítà, kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n fi ẹnu ara wọn sọ ohun tí wọ́n fẹ́. Ẹ̀yin àgbà, ẹ má ṣe fi àtọ̀gbẹ tàbí àgbo tí ẹ ń mu pamọ́ fún dókítà. Ara jẹ́ ohun tí Ọlọ́hun fi sí wa níkàáwọ́. Yóò bi wá léèrè rẹ̀.

Kí Ọlọ́hun má ṣe fi orúnkún wa dù wá. Àmín.