Ǹjẹ́ Ó Tọ́ Kí Á Fi Àwọn Àgbà Wa Sílẹ̀ fún Ìwádìí Àrùn Ìgbàgbé?



Ọ̀ràn tí a fẹ́ gbé yẹ̀wò nínú ìwé ìròyìn wa ti oṣù yìí kì í ṣe ti àwọn oníṣègùn nìkan. Ti ìjọ ni pẹ̀lú, nítorí ó kan bí a ti ń ṣe sí àwọn tí ó bí wa. Bí àwọn amòye bá wá sí Epinmi, tàbí sí Oka, tàbí sí Ikare, tí wọ́n sì wí pé àwọn fẹ́ yẹ iyè àwọn àgbà wa wò, kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ lára wọn, kí wọ́n sì máa padà wá wò wọ́n láti ọdún dé ọdún, ǹjẹ́ ó tọ́ kí á gbà fún wọn? Àwa gbàgbọ́ pé ó tọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe ní ọ̀nà gbogbo.

Àrùn tí a ń wí yìí ni èyí tí a fi orúkọ Alois Alzheimer pè, oníṣègùn ará Jámánì tí ó kọ́kọ́ ṣe àpèjúwe rẹ̀ ní ọdún 1906, lẹ́yìn tí ó ti yẹ ọpọlọ obìnrin kan tí ó ti wà lábẹ́ ìtọ́jú rẹ̀ wò. Láàrín wa, a máa ń wí pé àgbà náà ń ṣarán, tàbí pé iyè rẹ̀ ti rá. Bí ó bá mọ síbẹ̀, kì bá burú. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin pẹ̀lú mọ ohun mìíràn tí a ń wí. Ìyá arúgbó tí ó jáde ní òru tí kò sì mọ ọ̀nà ilé mọ́, tí ó ń bá ọkọ rẹ̀ tí ó ti kú sọ̀rọ̀, tí ó sì ń pe ọmọ-ọmọ rẹ̀ ní orúkọ ẹlòmíràn, kì í pẹ́ kí àwọn ará àdúgbò tó pè é ní àjẹ́. Wọn a sì wí pé iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni ó ń jẹ́wọ́. Àwọn tí ń sọ bẹ́ẹ̀ a sì máa bá wa kúnlẹ̀ níbi tábìlì Olúwa. Nítorí náà, kí a tó sọ ohunkóhun nípa oògùn, ìwádìí ti ní èrè kan ná: ohun tí a bá ti mọ̀ dájú pé àrùn ni, a kò lè fi í dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi mọ́.

Irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ kì í ṣe àjèjì ní ilẹ̀ Yorùbá. Ní ọdún 1992 ni àwọn oníṣègùn Yunifásítì Ìbàdàn, pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Yunifásítì Indiana ní Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní àdúgbò Ìdíkàn ní Ìbàdàn. Ọ̀jọ̀gbọ́n Benjamin Ọ̀ṣúntókun, ọmọ Òkè-Ìmẹ̀sí, ni aṣíwájú rẹ̀ ní ìhà tiwa, títí ó fi di olóògbé ní ọdún 1995. Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéṣọlá Ògúnníyì sì wà lára àwọn tí ó tẹ̀síwájú. Ilé dé ilé ni wọ́n ń lọ. Wọn a bá àgbà tí ó ti pé ọdún 65 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sọ̀rọ̀, lẹ́yìn náà wọn a bi ẹni tí ń gbé pẹ̀lú rẹ̀ léèrè ohun tí ó ń rí nínú ilé. Ó dùn mọ́ wa pé wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn ìbéèrè tí a ti ń lò tẹ́lẹ̀ ní ìlú òyìnbó máa ń béèrè pé kí ènìyàn kàwé kí ó sì kọ̀wé, bí ẹni pé ẹni tí kò lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ kò ní iyè! Hugh Hendrie àti àwọn tí ó bá a ṣiṣẹ́ ti kọ́kọ́ ṣe ìlànà mìíràn láàrín àwọn ẹ̀yà Cree ní Kánádà, èyí tí kò gbára lé ìwé. Òun ni wọ́n sì tún ṣe ní èdè Yorùbá.

Kí ni wọ́n rí? Wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọdún 2001. Àwọn àgbà 2,459 ní Ìbàdàn àti 2,147 láàrín àwọn ènìyàn dúdú ìlú Indianapolis, tí iyè gbogbo wọn pé ní ìbẹ̀rẹ̀, ni a tọpa wọn fún bí ọdún márùn-ún. Nínú ẹgbẹ̀rún ènìyàn, bí 13 tàbí 14 ni iyè wọn ń rá ní Ìbàdàn lọ́dún kan. Ní Indianapolis, bí 32. Ọmọ baba kan náà ni wọ́n, tí òwò ẹrú ti yà nípá. Àwọn amòye rò pé ẹ̀jẹ̀ ríru àti ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ lè wà lára ohun tí ó fa ìyàtọ̀ náà. Èyí tí ó yani lẹ́nu jù ni ti ogún kan tí a ń gbà lára òbí, tí wọ́n ń pè ní APOE e4. Láàrín àwọn òyìnbó, ẹni tí ó jogún ẹyọ kan péré ti wà nínú ewu àrùn yìí ju ẹlòmíràn lọ. Ní Ìbàdàn, ó wọ́pọ̀ lára àwọn ènìyàn, síbẹ̀ ẹni tí ó ní ẹyọ kan kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ẹni tí kò ní.

A sọ èyí nítorí oògùn. Ní ọdún 2023 ni ìjọba Amẹ́ríkà fi àṣẹ sí oògùn kan tí a ń pè ní lecanemab. Ènìyàn 1,795 ni a fi dán an wò fún oṣù 18. Kò wo àrùn náà sàn, ṣùgbọ́n ó mú kí ó máa rọra rìn. Ó sì lè mú kí ọpọlọ wú tàbí kí ó ṣẹ̀jẹ̀, pàápàá lára àwọn tí ó jogún e4 náà ní méjì. Àwọn ènìyàn dúdú kéré púpọ̀ nínú àwọn tí a dán an wò lára. Bí ogún yìí kò bá ṣe bákan náà lára wa bí ó ti ń ṣe lára òyìnbó, ta ni yóò sọ fún wa ohun tí oògùn náà yóò ṣe nínú ara àwọn ìyá wa? A kì í dá ẹ̀wù fún ẹni tí a kò wọ̀n lára.

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe pe àwọn tí ń bẹ̀rù ní òpè. Ní Tuskegee ní Amẹ́ríkà, láti ọdún 1932 títí di ọdún 1972, a fi àwọn ọkùnrin dúdú tí ó ní àrùn rẹ́kórẹ́kó sílẹ̀ láìtọ́jú wọn, a sì ń tàn wọ́n jẹ, kí a ba lè rí ibi tí àrùn náà yóò gbé wọn dé. Ní Kano ní ọdún 1996, nígbà tí àrùn yírùnyírùn ń jà, ilé iṣẹ́ Pfizer dán oògùn Trovan wò lára àwọn ọmọdé. Igba ni iye àwọn ọmọ tí ó wà nínú ìdánwò náà, mọ́kànlá nínú wọn sì kú. Àwọn òbí wí pé a kò sọ fún àwọn pé ìdánwò ni; ilé iṣẹ́ náà wí pé òun kò ṣe àìtọ́, ṣùgbọ́n ní ọdún 2009 ó gbà láti san mílíọ̀nù 75 dọ́là kí ó lè parí ẹjọ́ náà pẹ̀lú ìjọba ìpínlẹ̀ Kano. Òfin ìlera orílẹ̀-èdè wa ti ọdún 2014 ti wí pé a kò gbọdọ̀ ṣe ìwádìí lára ẹnikẹ́ni láìjẹ́ pé a là á yé e, kí ó sì gbà.

Ibí gan-an ni ìṣòro wà. Nínú àrùn yìí, ẹni tí ìwádìí ń fẹ́ jù ni ẹni tí kò lè gbà mọ́. Ìyá tí kò mọ ọjọ́ tí a wà, báwo ni yóò ti mọ ohun tí ó ń tẹ̀ka sí? Àwọn kan yóò wí pé ọmọ rẹ̀ ni kí ó gbà fún un. Àwa kò kọ èyí, ṣùgbọ́n òfin karùn-ún tí ó ní kí á bọ̀wọ̀ fún òbí kò sọ òbí di ohun ìní ọmọ. Ohun tí ọmọ ní í ṣe ni láti sọ ohun tí ìyá rẹ̀ ìbá ti sọ. Bí ó bá jẹ́ obìnrin tí ó fẹ́ràn láti ran aládùúgbò lọ́wọ́ ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀, ìbéèrè àti ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ kò lè bí i nínú. Ti oògùn tí ó lè mú ọpọlọ ṣẹ̀jẹ̀ yàtọ̀. Àwa kò rò pé ọmọ lè gba irú rẹ̀ lórí ìyá rẹ̀ àyàfi tí ìrètí bá wà pé yóò ṣe òun tìkára rẹ̀ ní oore. Bí ìyá náà bá sì fa ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn nígbà tí ó rí abẹ́rẹ́, kí a fi í sílẹ̀. Ẹni tí iyè rẹ̀ ti rá ṣì mọ ohun tí ń dùn ún.

Ẹlòmíràn yóò béèrè pé èrè wo ni ó wà níbẹ̀ fún arúgbó fúnra rẹ̀. Ó lè má sí rárá. Ọ̀pọ̀ baba ní Àkókó ti gbin kòkó ní ọjọ́ ogbó wọn, tí wọ́n mọ̀ pé àwọn kọ́ ni yóò ká a. A sì ń jẹ nínú rẹ̀ títí di òní. Ṣùgbọ́n àwọn tìkára wọn ni wọ́n gbìn ín. Nítorí èyí ni a ṣe fẹ́ kí àwọn tí iyè wọn ṣì pé sọ̀rọ̀ nísinsìnyí, kí wọ́n má ṣe fi í sílẹ̀ fún ọmọ láti máa méfò. Ní ti owó, ẹni tí ó rìn láti Epinmi gba Ọ̀wọ̀ àti Àkúrẹ́ dé Ìbàdàn yẹ kí ó gba owó ọkọ̀ rẹ̀. Bí owó náà bá tó ohun tí ebi lè mú kí ọmọ ti ìyá rẹ̀ síwájú nítorí rẹ̀, ìdẹ ni.

Ohun kan wà tí ó kan àwa ará ìhín ju àwọn ará Ìbàdàn lọ. Àwọn àgbà Epinmi àti púpọ̀ nínú àwọn ìlú Àkókó ní èdè tiwọn, tí kì í ṣe Yorùbá inú Bíbélì. Nígbà tí iyè bá ń rá, èdè tí ènìyàn kọ́ lẹ́yìn lè tètè lọ, kí ti ìgbà èwe sì kù. Bí a bá fi Yorùbá Ìbàdàn bi irú àgbà bẹ́ẹ̀ léèrè, a lè kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò mọ nǹkan kan, nígbà tí ó jẹ́ pé a kò bá a sọ̀rọ̀. Kí àwọn ìjọ wa béèrè èyí kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn gbọ̀ngàn ìjọ fún olùwádìí kankan.

Ó ku ọ̀ràn òkú. Ilé ìpamọ́ kan wà ní Ìbàdàn tí ó ń gba ọpọlọ àwọn tí ó ti kú fún ìwádìí yìí, àwọn mìíràn nínú wa sì ń bẹ̀rù nítorí àjíǹde ara. A sun Latimer àti Ridley ní Oxford ní ọdún 1555 títí wọ́n fi di eérú, kò sì sí ẹnikẹ́ni nínú Ìjọ tí ó rò pé Olúwa kò ní rí wọn jí. Ìpayà àwọn ọmọ tí ó wà nílé ni ó yẹ kí á rò jù, nítorí ní ilẹ̀ wa òkú tí kò pé a máa dá ìjà sílẹ̀ nínú ẹbí. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ní i lọ́kàn kí ó sọ ọ́ nígbà tí iyè rẹ̀ pé, lójú gbogbo àwọn ọmọ rẹ̀ àti lójú àlùfáà rẹ̀, kí a kọ ọ́ sílẹ̀, kí ó sì mọ̀ pé òun lè yí i padà ní ọjọ́kọ́jọ́.