Bọ́lọ́rundúró, Níbi Tí Wọ́n Ti Ka Iṣẹ́ Kí Wọ́n Tó Ka Owó

“Iṣẹ́ ìjọba, a kì í ṣe é láṣelàágùn.” Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ lẹ́nu àwọn èèyàn, ó sì máa ń dun òṣìṣẹ́ tó ń làágùn ní tòótọ́. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2011, ètò kan bẹ̀rẹ̀ tó fẹ́ fi owó pa ọ̀rọ̀ náà rẹ́. Ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n mú ní ìpínlẹ̀ mẹ́ta láti fi dán an wò: Fufore ní Adamawa, Wamba ní Nasarawa, àti Ìlà-Oòrùn Oǹdó, tí olú ìlú rẹ̀ jẹ́ Bọ́lọ́rundúró, lójú ọ̀nà Àkúrẹ́ sí Oǹdó. Ní 2012, Báńkì Àgbáyé yá Nàìjíríà ní mílíọ̀nù 150 dọ́là kí ètò náà lè gbòòrò.

Wọ́n dá iye lé ọmọ tí wọ́n bá gbẹ̀bí rẹ̀ ní ibùdó ìlera, wọ́n dá iye lé ọmọ tó bá gba abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ pé. Àwọn olùyẹ̀wò á wá ka rẹ́jísítà, wọ́n á tún rán èèyàn lọ sílé àwọn tí orúkọ wọn wà nínú rẹ̀, láti bi wọ́n bóyá lóòótọ́ ni wọ́n wá gbàtọ́jú. Lẹ́yìn èyí ni owó á wọ àkáǹtì ibùdó náà. Àwọn òṣìṣẹ́ lè pín tó ìdajì rẹ̀ ní àjẹmọ́nú lórí owó oṣù wọn.

Ẹni tó bá kọ orúkọ aláìsàn tí kò wá sínú rẹ́jísítà ti ba ọmọlúàbí ara rẹ̀ jẹ́; kò sí àwáwí. Ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì tó sáré gbẹ̀bí nítorí pé wọ́n ń kà á, tó wá pa ìyá arúgbó tí orúnkún ń ro tì nítorí pé orúnkún ríro kò sí lára ohun tí wọ́n dá iye lé ńkọ́? Rẹ́jísítà tirẹ̀ mọ́ tónítóní. Kò sí olùyẹ̀wò tó lè mú un.

Ìhà kejì wà, òun ni wọn kì í fẹ́ sọ. Àwọn olùwádìí tó fọ̀rọ̀ wá òṣìṣẹ́ lẹ́nu wò gbọ́ pé owó náà ń pẹ́ kó tó dé, àti pé àwọn kan kò mọ bí wọ́n ṣe ṣírò ìpín tiwọn. Ìpínlẹ̀ Oǹdó yìí kan náà ni wọ́n ti jẹ àwọn òṣìṣẹ́ lówó oṣù fún oṣù mélòó kan ní 2016. Bí irú òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀ bá fura sí àjẹmọ́nú tí wọ́n so mọ́ iṣẹ́, ọ̀lẹ kọ́ ló ń ṣe é. Àdéhùn mímúṣẹ wà lára ọmọlúàbí, a kò sì yọ agbanisíṣẹ́ sílẹ̀ nínú rẹ̀.

Ó yẹ kí àwọn aláṣẹ ka ìwádìí tó jáde ní 2021 nípa ètò náà dáadáa. Àwọn ìjọba ìbílẹ̀ míì wà ní ìpínlẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, tó jẹ́ pé ìdajì owó tí àwọn ibùdó tó ń gba àjẹmọ́nú ń rí ni wọ́n fún ibùdó ìlera wọn, kí wọ́n fi ra oògùn, kí wọ́n fi tún ilé ṣe, láìsí àjẹmọ́nú fún ẹnì kankan. Iṣẹ́ tiwọn náà gbérí. Nínú ọ̀pọ̀ ohun tí wọ́n wọ̀n, ìyàtọ̀ tó wà láàárín wọn àti àwọn tó ń gba àjẹmọ́nú kò tó nǹkan. Ó ṣe é ṣe kí ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n ń pè ní ọ̀lẹ láti ọjọ́ yìí wá jẹ́ ẹni tí kò ní oògùn lọ́wọ́.