Owó Ọ̀yà ní Ìgbà Ọ̀wọ́n

Ọ̀ràn kan wà tí kò jẹ́ kí ọkàn mi balẹ̀ láti ìgbà díẹ̀ wá, mo sì fẹ́ gbé e ka iwájú yín. Òun nìyí: bí ènìyàn bá gbà láti ṣiṣẹ́ fún wa ní iye owó tí kò tó ó jẹun, nítorí tí kò rí ibòmíràn lọ, ǹjẹ́ gbígbà tí ó gbà náà tó láti dá wa láre níwájú Ọlọ́run?

Gbogbo wa ni a mọ irú àkókò tí ó bá wa. Ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023 ni Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti dópin. Lítà bẹntiróòlù kan tí kò tó ₦200 tẹ́lẹ̀ fò kọjá ₦480 láàrin ọjọ́ díẹ̀, nígbà tí ọdún 2024 sì fi parí, ó ti ju ₦900 lọ. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2023 kan náà ni a tú náírà sílẹ̀ kí ọjà máa dá iye rẹ̀. Dọ́là kan tí báńkì ń kà sí nǹkan bí ₦460 kọjá ₦1,500 kí ọdún 2024 tó parí. Ọwọ́n ọjà tí ó tẹ̀lé e, kò sí ilé tí kò kàn. Ìjọba gbé owó oṣù tí ó kéré jùlọ láti ₦30,000 sí ₦70,000 ní oṣù Keje ọdún 2024, ṣùgbọ́n òfin náà kò de ẹni tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò pé 25, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ilé-ìwé wa àti ilé ìtajà wa ni ó sì wà nínú àwọn tí kò dè.

Nípa iye àwọn tí kò ríṣẹ́ ṣe, òǹkà tí ìjọba gbé jáde lè ṣi ènìyàn lọ́nà. Ọ́fíìsì ìjọba tí ń ṣe ìṣirò, tí à ń pè ní NBS, wí pé ní ìparí ọdún 2020, nínú ẹni 100 tí ó wà lẹ́nu iṣẹ́ tàbí tí ń wá a, ẹni 33 ni kò ní iṣẹ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, ọ́fíìsì kan náà wí pé ẹni 4 péré ni. Kì í ṣe pé iṣẹ́ rọ̀ sílẹ̀ bí òjò. Ọ̀nà ìṣirò ni a yí padà. Tẹ́lẹ̀, aláìríṣẹ́ ni à ń pe ẹni tí kò bá ṣiṣẹ́ tó wákàtí 20 láàrin ọ̀sẹ̀ kan. Nísisìyí, ẹni tí ó bá ti ṣe wákàtí kan ṣoṣo, a ti kà á mọ́ àwọn tí ó ní iṣẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni a ń kà á ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, n kò sì fi ẹ̀sùn kan àwọn tí ó kà á. Òǹkà kan wà nínú ìwé wọn tí mo rò pé ó wúlò fún wa jù ú lọ: ní apá kẹta ọdún 2023, nínú ẹni 100 tí ń ṣiṣẹ́, bí 87 ni ń ṣe iṣẹ́ ti ara wọn, bí 13 péré ni ẹlòmíràn ń san owó fún. Ilẹ̀kùn kéré, àwọn tí ń kànkùn sì pọ̀.

Mo jókòó nínú ìgbìmọ̀ ilé-ìwé kan nígbà tí a fẹ́ gba olùkọ́ kan ṣoṣo tí yóò máa kọ́ni ní Yorùbá àti Ẹ̀kọ́ Bíbélì. Ìwé ìbéèrè tí ó wọlé kún àpótí. Ẹnìkan nínú wa sọ pé kí a béèrè lọ́wọ́ olúkúlùkù iye tí ó kéré jùlọ tí ó lè gbà. A béèrè. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó ti jáde ní yunifásítì, tí ó ní aya àti ọmọ méjì, dá iye kan tí ó jẹ́ kí àwọn kan nínú wa wo ojú ara wọn. Òun ni a gbà. Èmi náà na ọwọ́ sókè pẹ̀lú àwọn ìyókù.

A kò rú òfin kankan, a kò sì fi ipá mú un. Ó tilẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ wa. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ebi kì í wọ inú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ẹni tí ó yan ọ̀kan nínú ohun méjì ni a lè wí pé ó yàn. Ọ̀dọ́mọkùnrin yìí kò ní ohun méjì níwájú rẹ̀.

Àwọn baba wa mọ ọ̀ràn yìí ní ìgbà tiwọn. Ìwọ̀fà fi ẹnu ara rẹ̀ gbà láti sin olówó nítorí gbèsè, kì í ṣe ẹrú tí a mú lógun. Síbẹ̀, Alúfà Samuel Johnson ti Ọ̀yọ́, ẹni tí ìwé rẹ̀ lórí ìtàn àwọn Yorùbá jáde ní ọdún 1921, fi yé wa pé àṣà fi òṣùwọ̀n sí iṣẹ́ rẹ̀: olówó ní ìpín tirẹ̀ nínú ọjọ́, ìwọ̀fà sì ní èyí tí yóò fi ro oko ara rẹ̀. N kò yin àṣà náà, nítorí a ti fi ọmọdé tí kò jẹ ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀ sínú rẹ̀ nítorí gbèsè òbí rẹ̀, ó sì dára tí ó ti tán nílẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ kíyè sí ni pé wọn kò wí pé níwọ̀n bí ìwọ̀fà ti gbà, kí olówó ṣe é bí ó ti fẹ́.

Nínú òwe Olúwa wa nípa àwọn alágbàṣe inú ọgbà àjàrà, tí Matteu kọ ní orí ogún, baálé náà bá àwọn kan ní ọjà ní wákàtí kọkànlá, wọn kò rí ẹni gbà wọ́n láti òwúrọ̀. Irú ènìyàn bẹ́ẹ̀ ìbá gba ohunkóhun. Baálé ìbá fún wọn ní ìdá kan nínú méjìlá owó idẹ kan, wọn ìbá sì lọ ilé pẹ̀lú ọpẹ́. Kò béèrè iye tí wọn lè fara dà. Ó san owó tí ọkùnrin kan fi lè bọ́ ilé rẹ̀ lọ́jọ́ náà. A ti gbọ́ ìwàásù púpọ̀ lórí òwe yìí nípa oore-ọ̀fẹ́, ó sì tọ́. Ṣùgbọ́n n kò rántí pé mo gbọ́ ọ̀kan rí nípa owó ọ̀yà.

Ẹnìkan yóò dá mi lóhùn pé baálé ní owó, àwa kò ní. Èsì yìí kì í ṣe àwáwí lásán nígbà gbogbo. Àwọn òbí jẹ ilé-ìwé ní gbèsè, epo ẹ̀rọ iná gbówó lórí, ilé-iṣẹ́ kékeré mìíràn sì wà tí ó jẹ́ pé bí ó bá fi owó kún ti ẹni mẹ́fà, yóò ní láti lé méjì lọ. N kò mọ bí a ti í dá irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ fún ẹlòmíràn. Agbanisíṣẹ́ tí ó ṣí ìwé ìṣirò rẹ̀ sílẹ̀ níwájú àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀, tí òun náà sì jẹ nínú ìyà náà, n kò lè dá a lẹ́bi.

Ṣùgbọ́n ní tiwa, nǹkan ṣẹlẹ̀ tí ó tú wa fó. Kò pé oṣù mẹ́ta tí a gba ọ̀dọ́mọkùnrin náà tí olùkọ́ físíìsì wa fi iṣẹ́ sílẹ̀, ó ń lọ sí òkè òkun. A kéde ipò náà, ẹni méjì péré ni ó kọ̀wé, àwọn méjèèjì sì dá iye tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìlọ́po méjì ohun tí à ń san. Akápò yẹ ìwé rẹ̀ wò, ó gbà. Ìpàdé ọjọ́ kan ni a fi rí owó tí a wí pé kò sí. Àpótí kan náà ni, ilé-ìwé kan náà ni, àwọn òbí kan náà ni ó sì ń jẹ wá ní gbèsè. Ohun kan ṣoṣo tí ó yàtọ̀ ni iye àwọn tí ó dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn.

Láti ìgbà náà ni n kò ti lè sọ fún ara mi mọ́ pé àìní ni ó dá owó oṣù ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn. Mo ti kọ̀wé sí alága pé kí a gbé ọ̀ràn rẹ̀ yẹ̀ wò, pẹ̀lú ti àwọn mẹ́ta mìíràn tí a gbà ní irú ọ̀nà kan náà. Akápò ní bí a bá bẹ̀rẹ̀, gbogbo olùkọ́ yóò béèrè, bóyá ó sì tọ̀nà. Ọjọ́ Sátidé kejì oṣù tí ń bọ̀ ni ìpàdé wa.